Báàgì Tí Sàfíátù Dì Lọ sí Ọgbà Ìṣeré

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Sàfíátù fi di báàgì fún ọmọ ẹlòmíràn lọ sí ọgbà ìṣeré Àpápá kó tó wá kan ọmọ tirẹ̀.

Ilé Mísísì Okechukwu ní GRA Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ màdámú yìí jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan, ọmọ méjì ni wọ́n sì bí: Kosisochukwu, tí gbogbo ilé ń pè ní Kosi, àti Emeka àbúrò rẹ̀. Sàfíátù ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń mú wọn lọ síléèwé, tí ọlidé bá sì dé, òun náà ló ń mú wọn lọ sí Amúsíméǹtì, nítorí bí gbogbo èèyàn ṣe ń pe ọgbà náà nìyẹn nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di báàgì ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tójú rẹ̀ rí ló kọ́ ọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, èébì gbé Kosi lórí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí lójú òfurufú, kò sí aṣọ ìpààrọ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan lọmọ náà wọ̀ délé. Lọ́dún kejì, Emeka ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó yánna-yànna, kò sí ohun tí wọ́n máa fi dì í. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, kò sí ohun tó lè ṣe ọmọ lábẹ́ oòrùn Àpápá tí Sàfíátù kò ti múra sílẹ̀ dè. Aṣọ ìpààrọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rá méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan fún aṣọ tó bá tutù, ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ bì. Táwẹ̀lì kékeré tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì fún gbẹ, fúláàsì omi tútù, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n pò pọ̀ sínú ìwé nítorí inú tó lè bàjẹ́, báńdéèjì, rọ́ọ̀bù, píìnì, fìlà méjì. Ohun tó wúwo á wà nísàlẹ̀, ohun tó lè rún á wà lókè. Àwọn ọmọọ̀dọ̀ ilé mìíràn ní GRA a máa wá wo báàgì rẹ̀, wọn a sì lọ dì tiwọn bẹ́ẹ̀.

Ní Kérésìmesì ọdún 1988, gbogbo ilé Okechukwu lọ sí abúlé wọn, wọ́n ní ó di lẹ́yìn ọdún tuntun káwọn tó padà. Kí màdámú tó wọ mọ́tò, ó fa báàgì aláwọ̀ búlúù kan jáde, ó ní òun ti ra tuntun, kí Sàfíátù máa mú èyí lọ sílé. Sàfíátù dúpẹ́, ó ti géètì, ó sì rìn títí dé ibi tó ti máa rí ọkọ̀ Ajégúnlẹ̀. Kó tó délé ló ti mọ ohun tó máa fi báàgì náà ṣe.

Ọmọ méjì lòun náà ní. Adéọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni àkọ́bí. Oṣù kan náà ni wọ́n bí òun àti Kosi. Àṣírù, ọmọ ọdún márùn-ún, ló tẹ̀ lé e. Bàbá wọn, Báyọ̀, tó ń já ẹrù ọkọ̀ òkun ní wáàfù, onígbàgbọ́ ni, ìyá wọn sì jẹ́ mùsùlùmí. Bàbá ló sọ ọmọ àkọ́kọ́ lórúkọ, ìyá sọ ìkejì, ọ̀rọ̀ sì parí. Gbogbo ìgbà tí Sàfíátù bá ti Amúsíméǹtì dé ni Adéọlá máa ń jókòó tì í táá máa bi í pé báwo ni kẹ̀kẹ́ ńlá náà ṣe ga tó, ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọmọdé ń wa mọ́tò níbẹ̀. Ìyá á dá a lóhùn díẹ̀, oorun á sì gbé e lọ. Lọ́dún yìí, Báyọ̀ gba ààyè níbi iṣẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ kejì Kérésìmesì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésì, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìrẹsì tán, Sàfíátù tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé, ó sì to gbogbo ohun tó fẹ́ dì sórí rẹ̀. Báyọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wò ó.

Ó ní, "Ìyá Adé, ṣé Àpápá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yìí là ń lọ, àbí Mẹ́kà?"

Sàfíátù dá a lóhùn pé, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tí ọmọ bá ṣubú lọ́la, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyí."

Adéọlá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó rí i tó fi ọsàn mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúláàsì.

"Màámi, ta ló ni ọsàn yẹn?"

"Ìwọ ni. Tó bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, ọsàn ló máa ń mú inú rẹ̀ rọlẹ̀."

"Inú ta ni?"

Ọwọ́ Sàfíátù dúró. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ó gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀, ó sì sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Inú Kosi ni. Ó máa ń bì. Ìwọ ńkọ́, ṣé ìwọ náà máa ń bì?"

"N ò mọ̀, mà. N ò tíì gùn ún rí. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ ọsàn. Ó máa ń ta mí létè."

Sàfíátù mú ọsàn náà kúrò. Ó gbé bisikíìtì sókè, èyí tí kò ní kírímù láàárín. "Èyí ńkọ́?" Adéọlá ní kó fún Àṣírù. Ó gbé sàdíìnì tó fẹ́ fi sáàárín búrẹ́dì sókè. Adéọlá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dun èèyàn, pé òun lè jẹ ẹ́ tí kò bá sí òmíràn.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ifeoma, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, gbé abọ́ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ ọdún wá fún un padà wọlé. Obìnrin Ìbò ni, ó sì ti pẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ débi pé Yorùbá àti Píjìnì ti lọ́ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀ làwọn ọmọ Sàfíátù máa ń wà tí wọ́n bá ti iléèwé dé. Sàfíátù bi í pé, "Ìyá Ifeoma, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Adé fẹ́ràn láti máa jẹ gan-an?"

Ìyá Ifeoma bú sẹ́rìn-ín. "Ah-ah, Mama Ade, you no sabi? Ìpékeré ni, ìpékeré tó ní ata. Tó bá ti school dé, kò ní bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí á fi rí ìpékeré." Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó kí wọn kú ọdún, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí ìkà kankan nínú ẹ̀rín náà. Síbẹ̀ ó wọ Sàfíátù lára. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde nílé, àwọn ọmọ á sì ti jẹun tán kó tó dé. Ó mọ̀ pé Kosi kì í sùn láìsí aṣọ kan tó máa ń fi bo etí. Ó mọ̀ pé Emeka kò lè rí tòmátì nínú oúnjẹ kó má sunkún. Ó wo ẹní tó tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì rí i pé báàgì àwọn ọmọ Okechukwu lòun tún ń dì.

Adéọlá dìde, ó tẹ̀ba, ó fa sílípáàsì rọ́bà kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wáyà ni wọ́n fi so okùn ẹsẹ̀ kan.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká fi èyí náà sí i."

"Sílípáàsì balùwẹ̀? Lọ sí Amúsíméǹtì? Bàtà ọdún tó ń dán gbinrin yẹn ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan, mà. Mo kàn ní ká mú un dání ni."

"Rárá o. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wò yín tìkà-tẹ̀gbin lọ́la. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń lọ síbẹ̀, mi ò rí ọmọ kan tó wọ sílípáàsì balùwẹ̀." Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Adéọlá kò jiyàn. Ó padà lọ jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ mú díẹ̀ láàárọ̀, ojú ọ̀run sì funfun bí ẹni da eérú sí i. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé Àpápá, oòrùn ti yọ. Èrò tò sẹ́nu géètì, ọmọ tó wọ ṣòkòtò tuntun, ọmọ tó dé fìlà bébà, ọmọ tó fi gíláàsì rọ́bà bojú. Báyọ̀ gbé Àṣírù sí èjìká kó lè ríran. Sàfíátù gbé báàgì kọ́ apá. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni báàgì máa ń wà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wọlé ni Àṣírù ti rí reluwé kékeré, ó figbe ta, ó sáré lọ síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn reluwé, wọ́n lọ wa àwọn mọ́tò kéékèèké tó ń kọ lu ara wọn, ẹ̀rín Báyọ̀ sì ń dún ju tàwọn ọmọdé lọ. Ẹ̀yìn ni Adéọlá wà ní gbogbo àkókò yìí. Tí wọ́n bá pè é, á ní, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀." Kò gun nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi.

Sàfíátù bi í pé, "Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ebi ń pa ẹ́?"

"Rárá, mà."

Sàfíátù ṣí báàgì. Ó fún un lómi, ọmọ náà fi ẹnu kàn án, ó dá a padà. Ó fún un ní ẹyin síse. Ó fún un ní búrẹ́dì. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì tútù. Bó bá ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, Adéọlá á ní, "Ẹ ṣé, mà." Báàgì yẹn kún dé ẹnu, kò sì sí ohun tó wúlò fún ọmọ náà nínú rẹ̀.

Bí Sàfíátù ṣe fẹ́ ti síìpù ló tajú kán rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Adéọlá ti tẹ ẹ̀yìn bàtà náà mọ́lẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ lé e lórí, àmì pupa kékeré kan sì wà lára ìbọ̀sẹ̀ funfun.

"Bọ́ bàtà yẹn kí n rí i."

"Kò sí nǹkan, mà."

"Bọ́ ọ, Adé."

Ó bọ́ ọ. Gìgísẹ̀ méjèèjì ti lé ròrò, ọ̀kan ti bẹ́. Àwọn ọmọ ìka ti ká kò, wọ́n pupa yòò. Sàfíátù gbé ẹsẹ̀ náà lé itan.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti mú un délé, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Adéọlá ń fa koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Inú yín ń dùn ni. Ẹ sọ fún Bàámi pé ó máa bá mi mu rẹ́gí, pé Kosi ti bá mi dán an wò."

Òótọ́ ni. Màdámú ló mú wọn lọ ra bàtà Kosi, Sàfíátù rí òmíràn tó wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ní kí Kosi bá òun ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bá Kosi mu. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án làwọn méjèèjì, kò sì wá sí i lọ́kàn láti rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí tó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, ó rí i pé ó gùn, ó sì fẹ̀ níwájú. Ẹsẹ̀ Báyọ̀ ni. Ẹni tó bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀.

Ó da omi fúláàsì sí i, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó fi báńdéèjì dì í. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Nígbà tó ṣe tán, kò gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

"Adé, má bínú sí mi."

Adéọlá gbójú sókè. Kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Ó ní, "Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́, mà."

"Irọ́ lò ń pa."

"Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Sàfíátù bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà, ó sì fa ìdè rẹ̀ dé ojú ihò tó kẹ́yìn. Ó tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ojú egbò.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Ẹsẹ̀ mi ti ń tẹ ilẹ̀ Àpápá tipẹ́. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Báyọ̀ àti Àṣírù ń bọ̀ lọ́wọ́ ìgbà yẹn, òógùn bò wọ́n. Sàfíátù bọ́ báàgì lápá, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e dání."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Adé. Èmi àti Adé ń lọ gun kẹ̀kẹ́."

Báyọ̀ tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́ ní wáàfù gba báàgì náà, ó gbé e sí àyà bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ tí kò mọ̀ rí lé lọ́wọ́. Ó wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó wo ti ọmọ rẹ̀, ó rí báńdéèjì. Ó fẹ́ bèèrè, ó tún fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ. A wà níbí."

Láti ọdún mẹ́rin, ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn ni Sàfíátù máa ń dúró sí, táá gbé ojú sókè, táá máa juwọ́ sáwọn ọmọ. Kò gùn ún rí. Ẹni kan gbọ́dọ̀ dúró ti ẹrù. Nígbà tí wọ́n ti irin há wọn mọ́ orí àga, tí àga náà sì kúrò nílẹ̀, ó di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó pa ojú dé, ó ń ṣe bísímílà lábẹ́ ahọ́n.

Ó gbọ́ ẹ̀rín kan. Ẹ̀rín gbàràmù gbaramu, ẹ̀rín àgbàlagbà. Ó la ojú. Adéọlá ló ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, sálúbàtà ìyá rẹ̀ sì ń mì lófurufú. Sàfíátù kò gbọ́ ọ kó rẹ́rìn-ín báyìí rí.

"Ẹ má wo ilẹ̀, mà. Ẹ wo iwájú."

Ó wo iwájú. Ó rí àwọn kréènì wáàfù tí wọ́n na ọrùn, ọkọ̀ òkun tó dúró bí ilé alájà, omi tó ń dán, ó sì rí erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Snake Island ní òdìkejì omi, ilẹ̀ tútù tó fara sin sínú ọyẹ́. Ní apá kejì, páànù Ajégúnlẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí amọ̀.

Adéọlá ń yí orí kiri. "Níbo ni ibi iṣẹ́ yín wà?"

"Wo ibi tí igi pọ̀ sí yẹn. Lẹ́yìn ilé gíga funfun un nì."

"Ibẹ̀ lẹ máa ń wà lójoojúmọ́?"

"Ibẹ̀ ni."

Ọmọ náà wo ibẹ̀, ó wo páànù Ajégúnlẹ̀, ó tún wo ibẹ̀. "Kò mà jìnnà, mà."

Àga náà ti ń sọ̀kalẹ̀, Sàfíátù rí Báyọ̀ nísàlẹ̀ tó ń juwọ́ pẹ̀lú báàgì lápá kan, Àṣírù sì ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀, Adéọlá ní ṣé àwọn lè gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gùn ún. Èébì kò gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi, wọ́n jẹun. Sàfíátù rìn dé ẹnu géètì láìwọ bàtà, ó ra ìpékeré lọ́wọ́ obìnrin kan tó gbé igbá sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní kó bá òun wá èyí tó ní ata. Adéọlá jẹ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi pọ́n, ó sì fún ìyá rẹ̀ ní èyí tó kẹ́yìn nínú ọ̀rá.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, àwọn Okechukwu dé. Sàfíátù lo ọjọ́ méjì kó tó rí ẹnu sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Màdámú wà nídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé. Surulere ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ sì mọ́ gaara.

"Màdámú, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n máa tètè lọ sílé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ní agogo kan ọ̀sán."

Màdámú kò gbójú sókè. "Ta ló máa mú àwọn ọmọ níléèwé?"

"Mo ti bá dírẹ́bà sọ ọ́, mà. Gregory tó ń dáná sì ní òun máa fún wọn lóúnjẹ. Mo lè wá láàárọ̀ Sátidé rọ́pò ẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé ọmọ ẹ ń ṣàìsàn ni?"

"Kò ṣàìsàn, mà." Sàfíátù ti mú èsì mìíràn wá látilé, èsì tó dára, ṣùgbọ́n kò rántí rẹ̀ mọ́. "Mi ò mọ̀ ọ́n ni."

Màdámú fi bírò sílẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń ronú nǹkan mìíràn. Ó ní kó lọ, òun máa rò ó. Ní ọjọ́ kẹta, bí Sàfíátù ṣe ń di irun Kosi lọ́wọ́, màdámú kọjá, ó ní, "Wẹ́sìdeè yẹn. Bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Má sì gbàgbé Sátidé." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Wẹ́sìdeè àkọ́kọ́, Sàfíátù dé Ajégúnlẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà ní àárín orí. Kò mọ bí àdúgbò rẹ̀ ṣe rí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Láìpẹ́, àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní kọ́nà, Adéọlá àti Ifeoma wà láàárín wọn, wọ́n ń jà sí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Adéọlá rí ìyá rẹ̀, ó dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sáré wá.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé Bàámi ni?"

"Bàbá ẹ wà níbi iṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti délé ni."

Adéọlá wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nínú yàrá, bóyá nǹkan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́. Kò sí nǹkan. Ó wo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ báàgì ìwé léjìká, ó gbé e fún un, ó sì ní ebi ń pa òun.